Ahun Ní Ilé, Àgbàlá Ni Kò Ní

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan pè wá lórí rédíò láti Durham. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn kò jẹ́ kí àwọn sinmi mọ́, ahun ni wọ́n fẹ́ máa sìn. Irú ilé wo ni àwọn máa kọ́ fún un lẹ́yìnkùlé? Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Mọ́mì, ahun lẹ fẹ́ kọ́lé fún? Ẹni tó ti gbé ilé tirẹ̀ pọ̀n látọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin?" Ìyá náà ní kí n má fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ò pè láti wá gbọ́ ẹ̀fẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ tòní yóò jẹ́ tiwọn. Àmọ́ mi ò ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán o. Ahun ò bẹ̀ wá nílé. Àgbàlá ló ń fẹ́: ilẹ̀ tútù, ibòòji, oòrùn òwúrọ̀, omi, ekòló, àti kọ̀rọ̀ kan tí yóò sá sí tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Ẹni tó bá kọ́ ilé fún un, ẹ̀wọ̀n ló kọ́. Èmi gan-an ti kọ́ ẹ̀wọ̀n yẹn rí, n ó sì sọ bó ṣe jẹ́.

Ahun tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀yà tí àwọn bàbá wa ń bá pàdé nínú oko kòkó. Ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà níbí ni. Box turtle ni àwọn ará ibí ń pè é. Èmi ó máa pè é ní ahun alápótí. Kò tóbi, ìkarahun rẹ̀ kì í sábà ju ínǹṣì 5 sí 6 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bí igbá tí a da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ní ilà pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ ìyeyè lára. Ibi tí àpótí ti wọ orúkọ rẹ̀ ni pé ìkarahun abẹ́ rẹ̀ ní oríkèé. Bí ẹ̀rù bá bà á, á fa orí wọlé, á fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wá gbé ìkarahun abẹ́ náà sókè níwájú àti lẹ́yìn, á sé ara rẹ̀ mọ́lé pinpin. Ahun igbó kan wà nílẹ̀ tiwa tó ní oríkèé bákan náà, Kinixys ni àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè é, ṣùgbọ́n orí ẹ̀yìn ni tirẹ̀ wà: ìdí ló fi ń tilẹ̀kùn. Ti ibí yìí, àyà ló fi ń tì í.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra ìṣó kan ṣoṣo ni ìdílé tó ti wá. Inú ìdílé àwọn ahun etí odò ni wọ́n ka ahun alápótí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ló ń gbé. Nítorí náà, ilẹ̀ olómi, ewé tó ń jẹrà àti afẹ́fẹ́ tútù ló bá a lára mu. Àwọn kan máa ń da iyanrìn gbígbẹ sílẹ̀ fún un bí ẹni pé aṣálẹ̀ ló ti wá. Kì í pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi wú, tí kò ní lè là á mọ́.

Ẹranko ńlá ni wọ́n kà á sí níbí o, ẹ má wo kíkéré rẹ̀. Láti ọdún 1979 ni ìpínlẹ̀ North Carolina wa yìí ti fi í ṣe àmì ìpínlẹ̀ láàárín àwọn ẹranko afàyàfà. Tennessee ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1995. Àwa náà sì ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé àlọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí Joel Chandler Harris tẹ̀ jáde ní 1880, ahun kan wà tó ń jẹ́ Brer Terrapin, tó bá ehoro sáré ìje, tó to àwọn ẹbí rẹ̀ sí ojú ọ̀nà títí dé òpin, tí ehoro fi rò pé ahun kan náà ló ń ṣíwájú òun. Ta ni kò mọ ẹni tó ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ nínú àlọ́ wa? Ní Cuba ńkọ́, Lydia Cabrera kó àlọ́ ahun jọ, ó tẹ̀ ẹ́ ní 1971, ó sì pe ìwé náà ní Ayapá. Ẹ fetí sí orúkọ yẹn dáadáa. Ìjàpá ni, ó kàn ti kọjá òkun ni.

Ó dáa. Ahun ti wa ńkọ́? Yánníbo lorúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ló ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ìlú mìíràn. Ó ti pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn, igbó ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ojú títì la ti gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú ahun nínú igbó wálé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni abo rẹ̀ fi ń dàgbà kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, ẹyin náà kì í sì í pọ̀, nǹkan bíi 3 sí 6 lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ẹranko mìíràn kò bá sì wú jẹ nínú rẹ̀ ló kù. Bí èèyàn bá ń mú ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, igbó á ṣófo láìsí ẹni tó fura. Láfikún, ahun alápótí mọ ilé. Bí ẹ bá gbé e jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bí i, ó lè máa rìn kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa wá ọ̀nà àbọ̀, títí tí mọ́tò yóò fi tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ẹ bá rí i tó ń kọjá títì, ẹ gbé e dé òdìkejì tó dorí kọ, kí ẹ fi sílẹ̀ kó máa lọ. Ẹ tún béèrè òfin ìpínlẹ̀ yín, torí ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ìkejì. Ibòmíràn wà tí títọ́jú rẹ̀ nílé gan-an jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ti gbígbé e lọ hàn wọ́n ní Ìbàdàn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Láti ọdún 1995 ni òfin àgbáyé ti de ríràn án láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìní ìwé àṣẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tí mo kọ́.

Nígbà tí Yánníbo dé, mo ra wáyà adìẹ, mo gún igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ láàárín pápá koríko níbi tí oòrùn ti ń ràn jù, mo na wáyà yí i ká, ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, 4 lóròó. Mo fi abọ́ omi sí i, mo gbé páálí kan síbẹ̀ pé kó máa sùn sínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo ń pe àwọn ọ̀rẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo ṣàkíyèsí pé kì í jẹun. Láti àárọ̀ dalẹ́, ńṣe ló ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ wáyà náà, á lọ, á bọ̀, á ki imú bọ ojú ihò, á fà á yọ, á tún ki í bọ òmíràn, títí imú rẹ̀ fi bó. Mo rò pé àìsàn ni. Mo fi fóònù pe ìyá àgbà tó fún wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé ó ń rí ìta?"

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ahun kò mọ ohun tó ń jẹ́ wáyà. Ohun tí ojú rẹ̀ bá ti rí, ó gbà pé ẹsẹ̀ òun lè dé ibẹ̀. Bí ó bá ń rí koríko aládùúgbò láàárín ihò wáyà, yóò máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì ní dé ibẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá dí, tí kò ríta, òpin ayé nìyẹn lójú rẹ̀. Á yí padà, á wá nǹkan mìíràn ṣe. Kí n tó ráyè tú wáyà náà ká, Yánníbo ti fẹsẹ̀ kọ́ ọ ní igun kan, ó gùn ún, ó sì lọ. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ tó rí i lábẹ́ ewé òdòdó aládùúgbò. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà ní ìjàpá sọ nígbà tí wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò tàjò dé.

Àgbàlá kejì, mo fara balẹ̀ kọ́ ọ. Kí n tó gbẹ́ ilẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sórí koríko, àgbọ̀n mi kan ilẹ̀, ìyàwó mi ń wò mí láti ojú fèrèsé bí ẹni pé orí mi ti yí. Ibi tí ojú ahun wà lèmi náà fẹ́ fi ojú sí. Mo rí i pé apá ìlà-oòrùn ilé wa ló dára jù: oòrùn àárọ̀ ń kan ibẹ̀ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá, lẹ́yìn náà igi óòkù ńlá kan á ṣíji bò ó. Àárọ̀ ni ahun ń yá oòrùn kí ara rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í gbóná fúnra rẹ̀ bí tiwa. Oòrùn ọ̀sán oṣù Keje níbí, bí kò bá rí ibòòji sá sí, á sè é nínú ìkarahun ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì tún rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, omi òjò kì í dúró sí i.

Fún ahun kan tàbí méjì, ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, 8 lóròó ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń pè ní ìwọ̀n tó kéré jù. Èmi ṣe 8 níbùú, 12 lóròó, torí ilẹ̀ wà, àti torí pé ẹ̀rí ọkàn ń jẹ mí lórí ti àkọ́kọ́. Pákó kédà ni mo lò, kì í tètè jẹrà. Mẹ́ta ni mo tò lórí ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínǹṣì 12 ní fífẹ̀. Ọ̀kan wọ inú ilẹ̀ pátápátá, torí ahun máa ń fi ọwọ́ gbẹ́ ìdí ògiri. Méjì yọ sókè, ó di ẹsẹ̀ bàtà 2. Nínú ìwé títà ni wọ́n ti ń pe pákó náà ní 12 o; bí ẹ bá fi tépù wọ̀n ọ́n, kò pé. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yín fàyè sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà dára, ó tilẹ̀ pẹ́ ju pákó lọ. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ lò ni pákó àlòkù tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀. Títí di òpin 2003, oògùn tó ní arsenic nínú ni wọ́n fi ń rẹ ọ̀pọ̀ pákó àgbàlá ní Amẹ́ríkà, májèlé náà sì lè máa jò sínú ilẹ̀ tí ahun ń jẹun lé lórí. Igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin, tó ní ọ̀dà dúdú lára, òun náà kò dára.

Ọ̀rọ̀ igun ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ẹni tó bá wo ahun á ní ẹsẹ̀ kúkurú bẹ́ẹ̀ ò lè gun ògiri ẹsẹ̀ bàtà 2. Lójú ògiri tó tẹ́jú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ògiri méjì ti pàdé, á ti ìkarahun rẹ̀ mọ́ ọ̀kan, á fi èékánná gbá èkejì mú, á sì máa tì díẹ̀díẹ̀ sókè bí ẹni tó ń gun ihò kànga. Nítorí náà, mo gé pákó sí onígun mẹ́ta, mo kàn án mọ́ orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àjà kékeré. Mo sì kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ògiri yíká, tó yọ sínú ní ínǹṣì 4. Bí ó bá gùn ún dé òkè, orí rẹ̀ á kan àjà, á padà wálẹ̀. Ẹ má sì gbé òkúta ńlá tàbí ìtì igi sún mọ́ ògiri. Àkàbà lẹ gbé fún un yẹn.

Inú àgbàlá náà ńkọ́? Mo hú koríko kúrò, mo tú ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọkọ́, mo da ewé jíjẹrà àti iyanrìn díẹ̀ mọ́ ọn kó lè rọ̀. Ìtì igi tó ti ń kẹ̀ wà níbẹ̀, ewé óòkù gbígbẹ kún igun kan dé orúnkún mi. Mo gbin fẹ́ẹ̀nì, mo gbin sitọ́bẹ́rì, mo sì fi àwọn èpò kan sílẹ̀ kí wọ́n máa hù. Láàárín oṣù méjì, ekòló àti ìgbín kéékèèké ti kún abẹ́ igi yẹn, n kò lọ ra wọ́n. Àlejò tó bá wá, kì í rí Yánníbo rárá. Á ní, "Ahun dà?" Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ń rí ahun yín láti ojú fèrèsé ní gbogbo ìgbà, ibi ìfarapamọ́ kò tíì tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò tàbí oògùn èpò síbẹ̀, kódà ní pápá tó yí i ká, torí ekòló tó jẹ ẹ́ ni ahun máa jẹ.

Fún omi, abọ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ ìkòkò òdòdó ló dára jù, tí omi rẹ̀ kò ju ínǹṣì 2 lọ. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ kí etí rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, kí ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ kan sí i tí yóò fi jáde. Ahun alápótí kò mọ omi wẹ̀ bí àwọn ẹbí rẹ̀ inú odò. Ojoojúmọ́ lẹ máa pààrọ̀ omi náà, ẹ má béèrè ìdí rẹ̀. Bó bá ti wọ inú rẹ̀, ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ ń yà.

Ìyá wa láti Durham tún béèrè bóyá àpótí gíláàsì inú pálọ̀ kò ní tó. Kò tó. Gíláàsì kì í jẹ́ kí apá kan nínú ìtànṣán oòrùn kọjá, apá yẹn gan-an sì ni ara ahun fi ń ṣe fítámìnì D, èyí tó ń jẹ́ kí egungun àti ìkarahun le. Àwọn kan ń ra iná pàtàkì láti fi rọ́pò rẹ̀, owó gidi ni, ọdọọdún sì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Oòrùn Ọlọ́run wà níta lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé mo ń sọ bí ahun báyìí. Ṣebí orúkọ kan náà la fi ń pe aláwun.

Ọ̀tá ahun pọ̀ níta. Raccoon ló burú jù, ẹranko olójú dúdú yẹn tó máa ń tú ìdọ̀tí wa lóru. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí ọwọ́ ọmọdé, ó lè ṣí kọ́kọ́rọ́ tó rọrùn, ẹsẹ̀ ahun ló sì ń gé jẹ. Mo kan férémù mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, 8 lóròó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ihò rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ ínǹṣì bò wọ́n, àwọn ló di ìbòrí àgbàlá náà. Ìkọ́ méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó fà. Ajá ilé náà, ẹ má fọkàn tán an. Egungun ni ìkarahun jọ lójú rẹ̀. Àwọn tó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa tún ní èèrà pupa kan tó ń ta bí iná, àjèjì tó bá ọkọ̀ òkun wọ Mobile ní Alabama ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939, tó sì ti gba gbogbo gúúsù. Bí ẹ bá rí òkìtì rẹ̀ nítòsí, omi gbígbóná ni kí ẹ dà sí i, lẹ́yìn ògiri o, kì í ṣe nínú àgbàlá.

Oúnjẹ rẹ̀ kò le. Ekòló, ìgbín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀, ewé, olú, èso tó já bọ́. Olú olóró tó lè pa èèyàn, òun máa ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Ẹ lọ èèpo ẹyin kúnná, kí ẹ máa wọ́n ọn sí i nígbà mìíràn. Ẹ má fún un ní ẹ̀bà. Àwọn ọmọ mi ti gbìyànjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ti dé nìyẹn. Ahun máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Salmonella láìṣàìsàn, tó sì lè fi ìgbẹ́ gbuuru dá èèyàn dùbúlẹ̀. Tìtorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fi dá títa ahun tí ìkarahun rẹ̀ kò tó ínǹṣì 4 dúró láti ọdún 1975, torí àwọn ọmọdé ń ki wọn bọ ẹnu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, ọṣẹ àti omi. Abọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dé inú ilé ìdáná. Ẹ tún sọ fún wọn pé ahun yìí lè lo àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń sunkún fún un lónìí lè ti máa gbọ́mọ-ọmọ pọ̀n kí ahun náà ṣì máa jẹ ekòló rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, abo pẹ̀lú abo ni kí ẹ kó pọ̀. Akọ, tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, tí ìkarahun abẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú, kì í jẹ́ kí abo sinmi, akọ méjì á sì máa bu ara wọn jẹ.

Ó ku ìgbà òtútù, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwa ará ilẹ̀ olóoru. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí òtútù bá a lọ́dọ̀ wa, mo fẹ́ gbé Yánníbo wọlé, mo ní yìnyín á pa á. Ìyá àgbà yẹn ní kí n fi sílẹ̀. Ní igun tí ewé pọ̀ sí, mo gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 2, mo dá erùpẹ̀ rírọ̀ àti ewé padà sínú rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo tún kó ewé bò ó lórí. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, kò jẹun mọ́. Ọjọ́ kan báyìí, ó wọ abẹ́ ewé náà, a kò sì rí i mọ́. Àwọn ọmọ gún igi kékeré kan síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Ahun tó ń ṣàìsàn tàbí tó rù kò gbọdọ̀ sùn sínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ kí òtútù tó dé.

Yìnyín bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ dúró síbẹ̀ ní àárọ̀ kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tó fẹ́ hú òkú, ìyàwó mi ní kí n wọlé. Àárín oṣù Kẹrin, lẹ́yìn òjò lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, àbíkẹ́yìn wa sáré wá sí yàrá, ó ní ewé ń mì. A jáde. Orí Yánníbo ti yọ, ẹrẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ọmọ náà na ekòló sí i, kò wò ó. Ó rìn gba iwájú wa kọjá lọ sídìí abọ́ omi, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó sì ń mu, ó ń mu, títí a fi tún bu òmíràn sí i.